Ọmọ mi ló wà lókè, òun náà ni wọ́n ní kò jà

Ìyá Ìbejì, Maryland

Ẹ kú ọjọ́ Àìkú o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, oorun ò kùn mí lójú lánàá.

Kẹ́hìndé mi, ọmọ ọdún 10, ti ń jìjàkadì láti oṣù kọkànlá. Àná ni ìdíje wọn. Ní abala kìíní, kò pẹ́ rárá tó fi kó ọmọ tí wọ́n jọ ń jà lẹ́sẹ̀, ó gbé e ṣánlẹ̀, ó sì gorí ẹ̀yìn rẹ̀. Wọ́n fún un ní póíǹtì 3. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo: "Di í mú! Má jẹ́ kó dìde!" Ọmọ mi gbọ́ràn. Ó fi ọwọ́ kan gbá a mú ní ìbàdí, ó fi ìkejì di ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, kò sì tú u sílẹ̀. Àfi bí rẹfirí ṣe na ìkúùkù sókè, tó ní "stalling", ìyẹn ni pé kò fẹ́ jà, tó kìlọ̀ fún un. Nígbà tó yá, ọmọ yẹn bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó gba 1.

Ní abala kejì, ọmọ náà ló ní òun fẹ́ wà nísàlẹ̀. Kẹ́hìndé tún dì í mú bákan náà. Rẹfirí na ìkúùkù, ọmọ yẹn gba 1. Ó tún na án, ó tún gba 1. Ó wá bọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó gba 1. Bí 3–1 ṣe di 3–4 mọ́ wa lọ́wọ́ nìyẹn.

Èyí tó dùn mí jù ni ti abala kẹta. Kẹ́hìndé ló wà nísàlẹ̀, ọmọ yẹn sì wà lórí ẹ̀yìn rẹ̀ títí àkókò fi pé. Rẹfirí ò na ìkúùkù kankan. Ṣé òfin ti ọmọ tèmi yàtọ̀ ni? Ẹni tó wà lókè, ṣebí òun ló ń borí?

Ọmọ Ọ̀fà

Ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ, Ìyá Ìbejì. Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi.

Nílé, bí ẹ̀yìn èèyàn bá ti kan ilẹ̀, ìjà ti parí. Ìjàkadì àwọn ọmọ iléèwé Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń pè ní folkstyle, ò rí bẹ́ẹ̀. Bí o bá gbé èèyàn ṣánlẹ̀, iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Ẹni òkè gbọ́dọ̀ máa wá ọ̀nà tó máa fi yí ẹni ìsàlẹ̀, kí palaba èjìká rẹ̀ méjèèjì lè lẹ máàtì. Bó bá kàn dì í mú kó má baà dìde, wọ́n á ní kò fẹ́ jà. Ti Òlíńpíìkì, irú èyí tí Blessing Oborududu wa ti gba fàdákà ní Tókíò, tún yàtọ̀: bí ẹni òkè ò bá tètè rí nǹkan ṣe, wọ́n á ní kí àwọn méjèèjì dìde.

Ṣé ọmọ náà máa ń wo ti yunifásítì lórí tẹlifíṣọ̀n, ma? Níbẹ̀, ẹni tó bá fi odindi ìṣẹ́jú kan pẹ́ lókè ju ẹnì kejì lọ á gba 1 kún tirẹ̀. Kò sí ìyẹn ní ti iléèwé girama.

Bàbá Kóòṣì

Ẹ pẹ̀lẹ́, ma. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi ṣe rẹfirí fún àwọn ọmọdé ní Texas kí n tó di kóòṣì. Ohun kan ṣoṣo ni ojú mi máa ń wá: ibi tó dì mú yìí, kí ló fẹ́ fi ṣe?

Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ láti di ìbàdí àti ọrùn ẹsẹ̀ mú. Bó bá fi fà á títí àyà ẹnì kejì fi balẹ̀, ó ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n bí àyà bá ti balẹ̀ tán, kí ọwọ́ kan ṣí kúrò. Kó ti ọwọ́ yẹn gba abẹ́ abíyá rẹ̀, kó gbé e dé ẹ̀yìn orí, kó wá máa fi ẹsẹ̀ rìn lọ síwájú títí èjìká á fi yí. Half nelson nìyẹn. Bí ibẹ̀ ò bá gbà, kó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ọmọ tó bá ń gbìyànjú báyìí, kó má tilẹ̀ rí i yí, mi ò ní na ìkúùkù sí i. Bí àwọn méjèèjì bá ń jà tí wọ́n sì há mọ́ra, màá dá wọn dúró ni, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀, láìsí ìyà fún ẹnikẹ́ni.

Nínú òfin girama, ìkìlọ̀ ni ti àkọ́kọ́, ẹlẹ́ẹ̀kejì 1, ẹlẹ́ẹ̀kẹta 1, ẹlẹ́ẹ̀kẹrin 2, ẹlẹ́ẹ̀karùn-ún wọ́n á lé e kúrò nínú ìjà. Bí abala bá yí, wọn kì í pa á rẹ́. Ìkìlọ̀ abala kìíní ló bá Kẹ́hìndé dé abala kejì. Ẹni ìsàlẹ̀ tó bá dojú bolẹ̀ tí kò gbìyànjú àtidìde náà ń jẹ̀bi o.

Bí ẹ bá ní fídíò, ẹ wo abala kẹta. Ẹ má wo ọmọ yín, ọwọ́ ọmọ kejì ni kí ẹ wò.

Ìyá Ìbejì, Maryland

Táyé ló fi fóònù mi yà á. Mo ti wò ó lẹ́ẹ̀mẹrin.

Òótọ́ lẹ sọ, bàbá. Ọwọ́ ọmọ yẹn ò sinmi. Ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ abíyá ọ̀tún, Kẹ́hìndé fi ìgúnpá há a mọ́ ìhà. Ó fò sí òsì, ó tún tì í. Nígbà kan, èjìká òsì ọmọ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan máàtì. Mo wá padà sí abala kejì, mo wo ọwọ́ Kẹ́hìndé lọ́rùn ẹsẹ̀ ọmọ náà. Mo kà á: ìṣẹ́jú àáyá 17, kò ṣí. Ohùn tó sì gba gbogbo fídíò náà kan ni tèmi: "Di í mú! Di í mú!"

Mo pè é, mo sọ fún un pé èmi ni mo ṣì í lọ́nà. Lálẹ́ àná, mo ti fi ọ̀rọ̀ líle ránṣẹ́ sí àwọn tó ṣètò ìdíje náà lórí rẹfirí yẹn. Mo ti kọ òmíràn báyìí, mo fi tọrọ àforíjì.

Àwọn méjèèjì wà lórí kápẹ́ẹ̀tì pálọ̀ bí mo ṣe ń kọ èyí, Táyé ló wà nísàlẹ̀. Kẹ́hìndé ní kí n bi yín: bí àyà bá ti balẹ̀, ọwọ́ wo ni kí òun kọ́kọ́ tú?

Bàbá Kóòṣì

Ti ọrùn ẹsẹ̀. Kó fi ti ìbàdí àti àyà ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí ọwọ́ kejì á fi rí abíyá. Kí Táyé má sì dẹwọ́ fún un.