Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Mobọ́lájí Johnson, tàbí tẹ́ ẹ jẹ nínú iṣẹ́ rẹ̀, ẹ wá sọ tiyín

Ọmọ Akọ̀wé, Surulere
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ń dúró de ọkọ̀ ojú irin Ìbàdàn ní Ebute Metta, ni ọmọdébìnrin kan tó jókòó tì mí bá wo orúkọ tí wọ́n kọ gàdàgbà sára ilé, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ta ni Mobọ́lájí Johnson?" Ó dùn mí díẹ̀. Gómìnà àkọ́kọ́ ní ìpínlẹ̀ Èkó nìyẹn! Nígbà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ náà sílẹ̀ ní 1967, ọmọ ọdún 31 ni. Títí di oṣù Keje 1975 tí wọ́n lé Gowon ló fi wà níbẹ̀. Ó ti di Bùrìgédíà nígbà náà.

Bàbá mi ṣe akọ̀wé lábẹ́ ìjọba rẹ̀, àmọ́ kì í ṣe títì tàbí afárá ni wọ́n máa ń ròyìn. Murtala gorí àlééfà, ó gbé ìgbìmọ̀ dìde kí wọ́n yẹ àpò àwọn gómìnà méjèèjìlá wò. Lọ́jọ́ tí èsì jáde, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan fáìlì ní ọ́fíìsì wọn. Gbogbo wọn ṣù bo rédíò kékeré kan. Mẹ́wàá jẹ̀bi. Méjì péré ni wọn ò bá nǹkan kan lọ́wọ́ wọn: Oluwole Rotimi tó ṣe gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn, àti ọ̀gá tiwọn. Mẹ́sẹ́ńjà wọn ló kọ́kọ́ figbe ta. Ó ju fìlà sókè, fìlà há sára fáànù. Bàbá mi ò lè sọ ìtàn yẹn kí wọ́n má fi ọwọ́ ṣe bí fáànù ṣe ń gbé fìlà yí po.

Ìyá Badagry
Tiwa yàtọ̀. Àgbọn ni ìyá àgbà wa ń tà, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń gbé e lọ sí Èkó. Bí ìjì bá dé lójú ọ̀sà, ọjà á bómi lọ. Ọ̀nà Badagry tí wọ́n là láyé Johnson ló bá wọn fòpin sí ìyẹn. "Ọ̀nà Johnson" ni wọ́n ń pè é títí wọ́n fi kú. Ẹ má bi mí bí ọ̀nà ọ̀hún ṣe rí lónìí. Inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ rẹ̀ ni mo ti ń tẹ èyí.

Sájẹ́ǹtì Tó Ti Fẹ̀yìn Tì
Mo pàdé ọ̀gá Johnson níbi òkú kan ní Yaba, wọ́n ti dàgbà. Mo na gbọnrangandan, mo kí wọn bá a ṣe ń kí ọ̀gá. Wọ́n bọ̀ mí lọ́wọ́, wọ́n bi mí léèrè bárékè tí mo ti sìn, wọ́n tún béèrè bóyá owó ìfẹ̀yìntì mi ń wọlé. Ọ̀gá wo ló ń béèrè ìyẹn?

Baba Aríyànjiyàn
Ẹ rọra o. A ò dìbò yàn án. Ayé ìjọba ológun yẹn náà ni wọ́n ń so adigunjalè mọ́ àgbá ní Bar Beach, tí wọ́n ń yìnbọn fún wọn níṣojú ọmọdé. Ìjọba àpapọ̀ ló ń pàṣẹ ẹ̀, mo mọ̀, àmọ́ kí ẹ má fi oyin pa gbogbo ẹ̀ lára. Ohun tí mo gbà ni pé ó lo ọdún mẹ́jọ lórí owó Èkó, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Irú rẹ̀ mélòó lẹ tún mọ̀?

Ọmọ Akọ̀wé, Surulere
Ẹ̀gbọ́n, Jakande ńkọ́? Òun náà ni wọ́n fi sọ ibùdókọ̀ ojú irin Agbado.

Baba Aríyànjiyàn
Jakande, mo gbà. Ó di méjì. Ẹ máa kà á lọ.