Ṣọ́ọ̀ṣì ológiri amọ̀ nílẹ̀ Okun (àwọn Yorùbá Ìpínlẹ̀ Kogi): ká wó o ni àbí ká tún un ṣe?

Ọmọ Ìyàrá: Okun o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ṣọ́ọ̀ṣì àkọ́kọ́ àdúgbò wa, ògiri amọ̀ ni, páànù ló bò ó. Símẹ́ńtì tí wọ́n fi rẹ́ ẹ ti ń já bọ́ ní pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ. Ìgbìmọ̀ fẹ́ wó o, kí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù kọ́ tuntun. Àwọn kan ní ilé ìtàn ni, ìjọba ò ní gbà. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Ṣé ògiri yẹn ṣì ṣeé gbà là?

Akọ̀wé Ìjọ: Ọjọ́ orí nìkan ò dáàbò bo ilé. Òfin 77 ti 1979 ló dá àjọ NCMM, tó ń bójú tó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, sílẹ̀. Ilé tí wọ́n bá kéde nínú Gásẹ́ẹ̀tì, ìwé ìkéde ìjọba, ló di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Tí tiyín ò bá sí níbẹ̀, ọwọ́ ìjọ ló wà.

Torí náà, ẹ kọ ìtàn ilé náà sílẹ̀ ná. Ọdún tí ìjọ bẹ̀rẹ̀ kì í sábà jẹ́ ọdún tí wọ́n kọ́ ilé o, ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Bí àpẹẹrẹ, Titcombe, míṣọ́nnárì SIM (Sudan Interior Mission), dé Ẹ̀gbẹ̀ ní 1908, àmọ́ 1954 ni àwọn ìjọ tí SIM dá sílẹ̀ para pọ̀ di ìjọ tó ń jẹ́ ECWA. Bí òkúta ìpìlẹ̀ bá ní "ECWA, 1930", ẹ̀yìn 1954 ni wọ́n gbẹ́ ẹ. Ẹ fi wéra pẹ̀lú ìwé ìrìbọmi àti ìwé ìpàdé. Ẹ wọn nínípọn ògiri, ẹ ya fọ́tò fèrèsé, agogo, àga ìwàásù, kí ẹnikẹ́ni tó yọ ìṣó kan.

Bíríkílà Kàbà: Símẹ́ńtì yẹn gan-an ni àrùn. Ọ̀rinrin ilẹ̀ máa ń gun ògiri amọ̀, ara ògiri ló sì ń gbà jáde. Símẹ́ńtì dí i mọ́nú, amọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ wá ń rọ̀. Ẹ fi ìka kan án: bó bá dún bí igbá òfìfo, ó ti ṣí kúrò lára ògiri.

Òrùlé ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe. Kí etí páànù yọ síta tó 60 sẹ̀ǹtímítà, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ òjò á máa ta sí ìdí ògiri. Ẹ yẹ igi àjà wò bóyá ikán ti wọ̀ ọ́. Ìgbà yẹn lẹ ó wá fọwọ́ tú símẹ́ńtì díẹ̀díẹ̀. Òòlù ńlá á kó amọ̀ pọ̀ mọ́ ọn.

Èyí tí ẹ ó fi tún ògiri rẹ́ nìyí: amọ̀ ìwọ̀n kan, iyanrìn ìwọ̀n méjì sí mẹ́ta, koríko gbígbẹ tí a gé kékeré. Ẹ rẹ ẹ́ sómi fún ọjọ́ mẹ́ta ó kéré tán, kẹ́ ẹ máa fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́. Ẹ kọ́kọ́ fi rẹ́ ibi tó fẹ̀ tó 30 sẹ̀ǹtímítà láti dán an wò, kẹ́ ẹ jẹ́ kó gbẹ. Bó bá sán, iyanrìn kéré. Bó bá ń kù lọ́wọ́ bí èlùbọ́, iyanrìn pọ̀jù.

Ọmọ Ìyàrá: Ẹ ṣé, bàbá. Ká fi símẹ́ńtì díẹ̀ sí i ńkọ́?

Bíríkílà Kàbà: Rárá o! Omi tí ẹ fi rẹ èèpo èso igi irú ni kẹ́ ẹ fi pò ó, ìyẹn ló ń kojú òjò. Ẹ má sì dúró di ìgbà ọyẹ́, á gbẹ lójijì, á sán. Ìparí oṣù kẹwàá dáa.