Ṣé ó dáa kí olùdarí fíìmù yí padà láti apá kìíní sí apá kejì?

Ọmọ Télọ̀ Ìgbògbò

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Sinimá fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù wa lánàá. Èmi àti ọ̀gá mi la jọ ń rán aṣọ nítòsí Sábọ̀ ní Ìkòròdú, fíìmù ló sì máa ń wà lórí tẹlifíṣọ̀n títí a ó fi pa jẹnẹrétọ̀. Ọ̀gá mi ní fíìmù tó bá ti ní apá kejì, ẹni tó darí àkọ́kọ́ ni kó darí rẹ̀ dópin, pé aṣọ tí télọ̀ kan bá gé, kí ẹlòmíràn má fọwọ́ kàn án. Mo ní rárá. Ẹ wo Omo Ghetto. Abíọ́dún Ọlánrewájú ló darí ti 2010. Nígbà tí Funke Akindele máa gbé apá kejì rẹ̀, The Saga, jáde ní 2020, òun àti JJC Skillz ni wọ́n jọ darí rẹ̀, ó sì pa owó tó ju 600 mílíọ̀nù náírà lọ ní sinimá. Tó bá jẹ́ pé olùdarí tuntun máa ń ba eré jẹ́ ni, ṣé èrò á rọ́ lọ wò ó bẹ́ẹ̀?

The Wedding Party ni ọ̀gá mi fi dá mi lóhùn. Kemi Adetiba ló ṣe ti 2016, Niyi Akinmolayan ló gba ti 2017. Wọ́n ní èkejì kò pa àwọn lẹ́rìn-ín tó ti àkọ́kọ́ rárá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dá sí i. Ṣùgbọ́n ẹ má bú ọ̀gá mi o, wọ́n máa ń ka ibí.

Akin Èbúté

Ọ̀rọ̀ yìí ò le jàre. Ẹ wo Mission: Impossible. 1996, Brian De Palma. 2000, John Woo. 2006, J.J. Abrams. 2011, Brad Bird. Olùdarí mẹ́rin, fíìmù mẹ́rin, kò sí èyí tó jọ èkejì nínú wọn. Nínú ti John Woo, ẹyẹlé ń fò, ọ̀kadà ń já lu ọ̀kadà. Ti Brad Bird ni Tom Cruise ti ń pọ́n ara ilé gogoro tó wà ní Dubai, tí àtẹ́lẹsẹ̀ èmi tí mo jókòó sórí àga ń làágùn. Láti 2015 tí Christopher McQuarrie ti wá gbà á, òun ló ṣe gbogbo ìyókù títí dé ti 2025. Ó mọṣẹ́, mi ò bá a jà, àmọ́ mo ti máa ń mọ ibi tó ń lọ kó tó débẹ̀. Kí wọ́n máa pààrọ̀ wọn!

Ìyá Kásẹ́ẹ̀tì

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ta fíìmù ní Ìkòròdú níbí, láti ayé kásẹ́ẹ̀tì ńlá títí dé sídì, kí fóònù tó wá gba ọjà lọ́wọ́ wa. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí apá kìíní àti apá kejì ṣe rí nígbà náà, torí ọ̀pọ̀ yín ò bá a láyé. Fíìmù kan ṣoṣo ni. Wọ́n á yà á pa pọ̀, wọ́n á wá gé e sí méjì kí mákẹ́tà lè ta páálí méjì. Ìyàwó á ṣílẹ̀kùn, á bá ọkọ rẹ̀ àti àbúrò òun fúnra rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹnu á là sílẹ̀, àwòrán á gan, orin á ta, wọ́n á ní kí a máa retí apá kejì. Ilẹ̀ ò ní tíì mọ́ tán tí oníbàárà á ti dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù mi, tínú á máa bí i sí èmi. Níbo ni olùdarí ti fẹ́ yí padà níbẹ̀? Ọjọ́ kan náà ni wọ́n ya ẹnu tó là sílẹ̀ yẹn àti ìgbátí tó tẹ̀lé e.

Ibi tí ìbéèrè yìí ti wá kan èèyàn ni eré tó ti tà, tó ti parí, tí wọ́n wá padà lọ ṣe òmíràn lé e lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Mo ta ọ̀kan bẹ́ẹ̀, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Bàbá olóyè kan wà nínú rẹ̀, pélé mẹ́ta ló wà lẹ́ẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó dúró gbọnrangandan, tìróò ni wọ́n fi yà á ṣùgbọ́n ẹ ò ní mọ̀. Ẹlòmíràn wá darí apá kejì. Bàbá kan náà ló jáde, òṣèré kan náà, agbádá kan náà, fìlà kan náà. Pélé ti di àbàjà! Mẹ́rin, ó nà gbalaja! Àwọn màmá tó ń ra ọjà lọ́wọ́ mi ò rí ti ìtàn rò mọ́, ọ̀rọ̀ ilà ni wọ́n ń bá mi fà. Ọ̀kan dá kásẹ́ẹ̀tì padà, ó ní wọ́n ti pààrọ̀ bàbá náà, pé kí n wá ojúlówó rẹ̀ fún òun.

Olùdarí tuntun yẹn mọ̀ ọ́n ṣe o, eré rẹ̀ tún mọ́lẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé gbogbo ẹni tó mọ̀ pé pélé ni, wọ́n ti bá olùdarí àkọ́kọ́ lọ.

Ẹ wá wo Harry Potter, ìtàn àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ oṣó, tí ọmọ ọmọ mi fi ń dà mí láàmú. Fíìmù mẹ́jọ, láti 2001 dé 2011, olùdarí mẹ́rin. Chris Columbus ṣe méjì, Alfonso Cuarón ṣe ẹ̀kẹta, Mike Newell ṣe ẹ̀kẹrin, David Yates kó mẹ́rin tó kù. Cuarón yẹn tú ilé palẹ̀: ó jẹ́ kí àwọn ọmọ náà máa wọ aṣọ ilé kiri, ó gbé ahéré Hagrid, òmìrán inú ìtàn náà, kúrò níbi tó wà, ó lọ gbé e sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè. Dumbledore, bàbá arúgbó onírùngbọ̀n tó jẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà pàápàá, òṣèré mìíràn ló bọ́ sí i nínú ẹ̀kẹta, torí Richard Harris ti kú ní 2002. Síbẹ̀ kò sí ẹni tó dá a padà fún ẹnì kankan. Kí ló dé? David Heyman ló wà nídìí owó àti ètò gbogbo mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Stuart Craig ló ń ṣètò bí ilé ẹ̀kọ́ náà ṣe máa rí lójú, láti ti àkọ́kọ́ dé ti ìkẹyìn. Olùdarí ń wọlé, olùdarí ń jáde, àwọn yẹn jókòó.

The Saga náà, bẹ́ẹ̀ ló rí. Funke ló ṣe ìbejì méjèèjì inú rẹ̀, Funke ni Lefty, Funke ni Ayọ̀mídé, ní 2010 àti ní 2020. Ẹni tó ni ìtàn ò kúrò nílé.

Ti The Wedding Party, ọ̀gá télọ̀, mo gbà pẹ̀lú yín pé àkọ́kọ́ dùn jù. Ọjọ́ kan ni gbogbo rẹ̀, inú ìnáwó kan, Dúnní ìyàwó àti Dozie ọkọ, àwọn òbí méjèèjì ń wo ara wọn bí ọ̀tá. Èkejì gbé ìtàn fún Nonso, ẹ̀gbọ́n Dozie, ó gbé e dé Dubai, ó wá gbòòrò. Bí Kemi ló bá darí rẹ̀, Dubai náà ni wọ́n ń lọ. Ẹ má gbé ẹrù òǹkọ̀wé ka olùdarí lórí.

Kọ́ntí

Mọ́mì, ẹ ṣeun. Iṣẹ́ tí ẹ sọ yẹn gan-an ni mò ń ṣe lójú eré, kọ́ntíníúítì, kí nǹkan má baà yí padà láti ìran kan sí èkejì. Èmi ni mo máa ń ya fọ́tò ilà, bàtà, iye omi tó kù nínú ife. Wọn kì í sì í tọ́jú rẹ̀! Eré bá ti parí, fóònù mi ni gbogbo rẹ̀ ń wà títí fóònù á fi bàjẹ́.

Ṣùgbọ́n mi ò ní gbà pé bí ẹni tó ni ìtàn bá ti jókòó, ẹnikẹ́ni lè darí. Tunde Kelani ṣe Saworoide ní 1999, ó ṣe Agogo Èèwọ̀ ní 2002, Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló kọ méjèèjì. Jogbo, ìlú inú ìtàn náà, kan náà ni, ọba tuntun, àwọn ìjòyè ajẹgùdù kan náà. Ẹ wò wọ́n tẹ̀ léra. Bí ọ̀rọ̀ ṣe ń di orin, tí orin ń di òwe, tí ìjòyè á rẹ́rìn-ín kó tó purọ́, ọwọ́ kan náà lẹ máa rí níbẹ̀. Bí wọ́n bá gbé e fún ẹlòmíràn, mo lè sọ fún un pé ọwọ́ òsì ni Balógun fi mú ife. Mi ò lè sọ fún un bí kámẹ́rà ṣe ń pẹ́ tó lójú ẹni tó ń purọ́.

Akin Èbúté

Bọ̀ọ̀dá Kọ́ntí, èyí tí ẹ sọ kẹ́yìn yẹn wọlé. Kelani, mo fi sílẹ̀ fún yín. McQuarrie ni mi ò fi sílẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ Ìkòròdú, ẹ ò sì sọ̀rọ̀ Extraction, fíìmù ìjà yẹn. Àwọn Ikorodu Bois, àwọn ọmọ Ìkòròdú tó ń sín fíìmù jẹ, fi nǹkan inú ilé ṣe tírélà rẹ̀, ìyẹn fídíò ìpolówó rẹ̀, ní 2020, àwọn Russo tó gbé fíìmù náà jáde rí i lọ́hùn-ún ní Amẹ́ríkà. Sam Hargrave ló darí ti 2020, òun náà ló darí ti 2023. Iṣẹ́ ìjà ló ń ṣètò kó tó di olùdarí, ìjà tí kámẹ́rà kì í já nínú ti kejì gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ dáadáa. Ẹ rí i, èyí tó dúró tí kò yí padà, ó tún dáa sí i. Mo ti fẹ́ máa bá ara mi jà.

Ọmọ Télọ̀ Ìgbògbò

Ẹ ṣeun gan-an ni. Ọ̀gá mi ti kà á tán. Wọ́n ní ti ìyá wa yé àwọn, ti Kọ́ntí ló dùn mọ́ àwọn nínú, èmi ni mi ò tíì borí. Wọ́n ní kí n bá àwọn bi ìyá wa: kí lorúkọ fíìmù onípélé yẹn? Wọ́n fẹ́ wò ó.

Ìyá Kásẹ́ẹ̀tì

Mi ò ní sọ ọ́. Òṣèré náà ṣì wà láyé, adúgbò wa ló ń gbé, a sì jọ ń kí ara wa.