Fíltà carbon nanotube mi ń yí bí ojú ọjọ́ bá ti yí: kí ni kí n fi bò ó?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Fíltà kan ni mo ń ṣe, èyí tó ń jẹ́ kí ìró ìsàlẹ̀ kọjá, tó sì ń dá ariwo òkè dúró. Kàpásítọ̀ rẹ̀ jẹ́ 10 nF. Dípò rẹsítọ̀ ọjà, fíìmù carbon nanotube (àwọn ọ̀pá carbon tín-ín-tín tó ní ihò nínú) ni mo tẹ́ sórí gíláàsì, mo sì fi ọ̀dà fàdákà so wáyà mọ́ ọn. Ó jẹ́ 16,000 ohms, nítorí náà nǹkan bí 1,000 Hz ló ti ń gé e, ibi tí mo fẹ́ gan-an.

Àmọ́ bí òjò bá ti rọ̀, á gòkè dé 21,000 ohms, ibi tó ti ń gé e á sì já sí nǹkan bí 760 Hz. Kódà bí mo bá mí sí i lára, ojú mi báyìí ni nọ́ńbà orí mítà ṣe ń sáré gòkè.

Mo ti fi wáyà mẹ́rin wọ̀n ọ́n. Kì í ṣe ojú ìsopọ̀ ló ń dà á rú. Mo fi omi fọ ọṣẹ SDS tí mo fi po ó kúrò, mo yan án ní 150 °C fún wákàtí kan, ọjọ́ méjì péré ni ohms rẹ̀ dúró lójú kan. Ti epoxy (gọ́ọ̀mù tó máa ń le gbagidi) ló dùn mí jù: bí mo ṣe fi bò ó ni ohms fò sókè, kò sì padà mọ́.

Ẹni tó bá ti ṣe irú rẹ̀ rí, ẹ jọ̀ọ́, láàárín PMMA (ike akíríìkì), PDMS (rọ́bà sílíkónì) àti parafín (ìda àbẹ́là), èwo ló ń dá ọ̀rinrin dúró tí kò ní yí ohms padà? Ṣé kí n bò ó nígbà tó ṣì gbóná láti inú ààrò ni, àbí kó tutù tán?