Ìmọ̀ràn: Sìmẹ́ǹtì nínú amọ̀ rírọ̀ létí òkun, ṣé yóò pẹ́?

Ọmọ Kàbà
Okun o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ojúgbà mi. Agbaṣẹ́ṣe kan ní kí n wá bá òun bójú tó iṣẹ́ ní etíkun Ìlàjẹ, níbi tí wọ́n fẹ́ la ọ̀nà kúkúrú kan dé èbúté àwọn apẹja. Amọ̀ aláwọ̀ eérú ni ilẹ̀ ibẹ̀, ẹsẹ̀ ń rì sínú rẹ̀ dé orúnkún, wọ́n sì fẹ́ fi ẹ̀rọ po sìmẹ́ǹtì mọ́ ọn níbi tí ó wà láì kó o kúrò. Yangí tiwa níbí ni mo mọ̀ ọ́n pò mọ́ sìmẹ́ǹtì, n kò bá omi iyọ̀ ṣe pọ̀ rí. Irú sìmẹ́ǹtì wo ni kí n dábàá, mélòó ni yóò tó, kí ni a ó sì ṣe tí iṣẹ́ náà kò fi ní tú lẹ́yìn ọdún díẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n Ìsánlú
Okun, àbúrò. Ìmọ̀ yangí kò ní ràn ọ́ lọ́wọ́ púpọ̀ níbẹ̀, nítorí òjò tí ń rọ̀ sórí ọ̀nà Kàbà kò gbé iyọ̀ dání. Nǹkan bí gíráàmù 35 iyọ̀ ló wà nínú lítà omi òkun kan, kì í sì í ṣe iyọ̀ ọbẹ̀ nìkan: mágnísíọ́mù àti sọ́fétì wà níbẹ̀, àwọn méjèèjì ni ọ̀tá sìmẹ́ǹtì. Mágnísíọ́mù a máa lé kálísíọ́mù tí ó so erùpẹ̀ pọ̀ kúrò, ohun tí ó sì ń fi dípò rẹ̀ kò lè di nǹkan mú. Sọ́fétì ní tirẹ̀ a máa bá èròjà kan tí wọ́n ń pè ní àlúmínà inú sìmẹ́ǹtì àti ti inú amọ̀ di horo tín-ín-rín tí ń wú, tí ó sì ń la ilẹ̀ náà láti inú.

Síbẹ̀, má fòyà. Bí iṣu ṣe ń jẹrà láti èèpo wọnú ni ìbàjẹ́ yìí ń rìn. Ní Yokohama, ní Jàpáànì, wọ́n yẹ irú ilẹ̀ tí wọ́n po sìmẹ́ǹtì mọ́ bẹ́ẹ̀ wò lábẹ́ èbúté lẹ́yìn ogún ọdún. Sẹ̀ǹtímítà mélòó kan péré ló ti rọ̀ lójú ìta, inú rẹ̀ sì ti le ju ìgbà tí wọ́n ṣe é lọ. Iyọ̀ ní láti gba inú apá tí ó ti bàjẹ́ kọjá kí ó tó kan èyí tí ó ṣì dára, nítorí náà bí sẹ̀ǹtímítà 2 bá bàjẹ́ ní ọdún 4, ó lè di ọdún 16 kí ó tó pé sẹ̀ǹtímítà 4. Ìṣirò yìí kò wúlò mọ́ bí ìgbì bá ń gbá apá rírọ̀ náà lọ lójoojúmọ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ fi òkúta ńláńlá bo ojú tí ó kọ sí òkun.

Ìyá Alábùwò, Mọ̀pà
Àbúrò mi, má ṣe gba iye sìmẹ́ǹtì lẹ́nu ẹnikẹ́ni, títí kan èmi náà. Kílógíráàmù 100 sí 300 ni wọ́n sábà ń pò mọ́ mítà oníkúbíìkì amọ̀ kan, ìyẹn àpò 2 sí 6, àlàfo yẹn sì tó láti gbé èrè agbaṣẹ́ṣe mì. Amọ̀ ibẹ̀ gan-an ni kí ẹ bù, kí ẹ dì í sínú ọ̀rá kí omi rẹ̀ má gbẹ, kí ẹ po ìwọ̀n sìmẹ́ǹtì bíi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ mọ́ ọn. Ẹ rẹ apá kan sínú omi òkun ibẹ̀, ẹ rẹ apá kejì sínú omi tí kò níyọ̀, kí ẹ máa fọ́ wọn wò ní ọjọ́ 7, 28 àti 90. Ẹ tún fi abẹ́rẹ́ irin gún ojú àwọn tí ó wà nínú omi òkun. Ibi tí abẹ́rẹ́ bá ti kọ̀ ni ìbàjẹ́ mọ.

Bí amọ̀ náà bá dúdú, tí ó ń rùn bí ewé jíjẹrà, ẹ tètè sọ, torí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í jẹ́ kí sìmẹ́ǹtì le bó ṣe yẹ.

Bírílà Ìyàrà
Kí ẹ̀gbọ́n má bínú, èbúté apẹja ni, kì í ṣe pápá ọkọ̀ òfurufú Hong Kong tí wọ́n torí rẹ̀ po sìmẹ́ǹtì mọ́ ilẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun. Kí ló dé tí wọn kò ri òpó mọ́lẹ̀?

Ọmọ Kàbà
Wọ́n ní ilẹ̀ líle jìn ju mítà 20 lọ, owó òpó kò sí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ṣé láìmù (ìyẹ̀fun òkúta sísun, kì í ṣe ọsàn o) kò lè dípò sìmẹ́ǹtì?

Ẹ̀gbọ́n Ìsánlú
Láìmù nìkan kọ́, àbúrò. Sọ́fétì yóò tètè mú un wú. Sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi ìdàrọ́ irin lílọ̀ kún dáadáa ni kí o béèrè (ká ní iléeṣẹ́ irin Ajaokuta ń ṣiṣẹ́ ni, ẹ̀yìnkùlé wa ni à bá ti máa kó o). Ìdàrọ́ a máa dín kálísíọ́mù tí ó lè yọ́ sómi kù, a sì máa dí àwọn ihò kéékèèké tí iyọ̀ ń gbà wọlé. Ó lọ́ra láti le, nítorí náà má ṣe jẹ́ kí agbaṣẹ́ṣe fi èsì ọjọ́ 7 dá a lẹ́jọ́. Ti ọjọ́ 90 ni kí ẹ dúró dè kí ẹ tó fọwọ́ sí iye àpò.