Re: «Aṣòdìsẹ́rú» kọ́ o, «ajìjàgbani» ni

Ẹ kú iṣẹ́ èdè o, ẹ̀yin ará ilé.

Ẹ̀gbọ́n wa tó ń túmọ̀ ìtàn Harpers Ferry (ìlú kan ní Virginia tí John Brown, òyìnbó tó ń gbógun ti oko ẹrú, kó àwọn èèyàn rẹ̀ lọ kọlù ní 1859) ní «aṣòdìsẹ́rú» ni ká máa pe àwọn aláwọ̀ dúdú tí kì í ṣe ẹrú, tí wọ́n gbé ìbọn láti fòpin sí oko ẹrú ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, àbúrò yín ni mí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn kò ṣeé gbé mì. Aṣòdì-sí-Kristi inú Bíbélì, Kristi fúnra rẹ̀ ló ń bá jà. Ta wá ni aṣòdìsẹ́rú ń bá jà bí kò ṣe ẹrú? Ẹ ti sọ olùgbèjà dọ̀tá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ká kúkú lo «ajìjàgbara» tó wà nílẹ̀, ara ta ni? Inú òmìnira ni wọ́n bí John Copeland àti Lewis Leary, méjì nínú àwọn aláwọ̀ dúdú tó bá Brown lọ, sí ní North Carolina. Gàárì ni Leary ń ṣe jẹun ní Oberlin, ó sì fi ìyàwó àti ọmọ jòjòló sílẹ̀ lọ. Shields Green ti sá kúrò lóko ẹrú. Ní oṣù kẹjọ 1859, òun àti Frederick Douglass, gbajúmọ̀ aláwọ̀ dúdú tó ń sọ̀rọ̀ tako oko ẹrú, lọ bá John Brown ní Chambersburg. Douglass ní òun kò lọ; Green ní òun ń bá bàbá náà lọ. Ara rẹ̀ ṣáà ti bọ́ ná! Dangerfield Newby ńkọ́? Òun náà ti dòmìnira, ṣùgbọ́n Harriet ìyàwó rẹ̀ àtàwọn ọmọ ṣì wà lọ́wọ́ olówó wọn ní Virginia. Harriet ń kọ̀wé sí i pé kó tètè wá ra òun, pé owó ń wọ́n ọ̀gá, ó lè ta òun. Ọjọ́ 17 oṣù kẹwàá ni wọ́n yìnbọn pa Newby ní Harpers Ferry. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni wọ́n rí àwọn lẹ́tà náà. Ẹni tó lọ torí Harriet, ẹ ní ara rẹ̀ ló lọ gbà?

«Ni», ìyẹn ẹlòmíràn, ló yẹ níbẹ̀ dípò «ara». Ìyá mi àgbà kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n bí ọkọ kan bá ń lu ìyàwó rẹ̀ ní agboolé wa, agbani ni wọ́n ń pe ọkùnrin tó bá já wọlé lọ là wọ́n. Àgbàtán là ń gbọ̀lẹ; ṣé ọ̀lẹ ló ń gbara rẹ̀ ni?

Ẹni tó ní ká gbé ohùn òkè sí ìparí, «ajìjàgbará», kó lè di ará: ẹ pè é fún ọmọ iléèwé kan kó kọ ọ́ sílẹ̀. «Agbára» lẹ máa bá níwájú ìwé rẹ̀.

«Ọlọ̀tẹ̀» tún burú jù. Ilé ẹjọ́ Virginia pàápàá yọ ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ kúrò lọ́rùn Copeland àti Green. Ìdájọ́ Dred Scott ti 1857, tí ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Amẹ́ríkà fi sọ pé aláwọ̀ dúdú kì í ṣe ọmọ ìlú, ni agbẹjọ́rò wọn gbára lé: ẹni tí òfin ní kì í ṣe ọmọ ìlú, ìlú wo ló dìtẹ̀ sí? Ẹ̀sùn ìpànìyàn àti pé wọ́n ru ẹrú sókè ni wọ́n fi yẹgi fún wọn ní 16 oṣù kejìlá. Adájọ́ tó ní kí wọ́n pa wọ́n kò rí ọlọ̀tẹ̀ pè wọ́n, àwa wá fẹ́ bá a pè é.

Ẹ̀gbọ́n, ìwé yín kò tíì dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé, ẹ bá mi fa igi lé «aṣòdìsẹ́rú». Bí ẹ bá sì fẹ́ sọ pé ajìjàgbani gùn jù, sílébù 5 ni. Aṣòdìsẹ́rú náà, 5 ni.