Ṣé yìnyín orí gẹ̀rẹ́ òkè tó wà lókè orí wa lè pa wá lára?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tó mọ òkè Colorado dáadáa. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi méjì fẹ́ fi ẹsẹ̀ rìn nínú yìnyín ní Berthoud Pass ní Sátidé. CAIC, ìyẹn àjọ tó ń kìlọ̀ nípa yìnyín tó ń ya lulẹ̀ ní Colorado, sọ pé ewu kí yìnyín ya lulẹ̀ wà ní ipele 3 nínú 5. A ti ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wá ẹni tí yìnyín bò, ọ̀pá gígùn àti ṣọ́bìrì. A tún yan ọ̀nà tí kò dà tó 30 dígírì, àmọ́ gẹ̀rẹ́ ńlá kan wà lókè rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, yìnyín dún "wúùfù" lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, ojú rẹ̀ sì sán gbọọrọ bíi dígí. Àyà mi ṣì ń já.

Ṣé ká gba abẹ́ gẹ̀rẹ́ yẹn kọjá, àbí ká wá ọ̀nà mìíràn? Ẹ má bínú pé ó gùn. Ẹ ṣeun púpọ̀.